Mo rí ìlú ọba mẹ́rin ní Mòrókò. Ti ilé wa ńkọ́?

Tíṣà Ọnà

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ọmọ Òròkí, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yọjú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo dé láti Mòrókò. Àbúrò mi kan ń kàwé ní Rabat, òun ló ń tì mí títí mo fi gba físà, tí mo wọ bàálù ní Èkó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé iṣẹ́ ọnà ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ilé ni mo lọ wò. N kò ra bàtà, n kò ra kápẹ́ẹ̀tì, ìyàwó mi kò sì tíì dárí jì mí.

Ìlú mẹ́rin ni wọ́n ń pè ní ìlú ọba lọ́hùn-ún: Fez, Marrakech, Meknes àti Rabat. Bí ìdílé kan bá gba ìjọba lọ́wọ́ èkejì, tàbí tí ọba tuntun kò bá fẹ́ gbé ibi tí ẹni àná gbé, wọ́n á gbé ìtẹ́ lọ síbòmíràn. Rabat ló wà lónìí. Kò ṣàjèjì sí wa. Ọ̀yọ́ Ilé, Ìgbòho, Ọ̀yọ́ Àtìbà, ìtẹ́ kan náà ló ń rìn.

Ohun tó gbé mi wá síbí nìyí. Mo fi ọwọ́ kan odi ìlú Marrakech. Amọ̀ ni! Amọ̀ pupa bíi ti ìdí ilé wa, tí wọ́n dà sáàárín pákó, tí wọ́n ń gún títí ó fi le bí òkúta. Láàárín ọdún 1120 sí 1130 ni ọba àwọn Almoravid, ìdílé tó ń jọba níbẹ̀ nígbà náà, ní kí wọ́n mọ ọ́n. Bíi 900 ọdún nìyẹn. Mo dúró níbẹ̀, mo rántí ilé bàbá bàbá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun tí àwa ọmọ dáwó jọ láti wó, torí pé amọ̀ ni, ojú sì ń tì wá bí àlejò bá dé. Búlọ́ọ̀kù la fi rọ́pò rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù náà ti sán.

Ìbéèrè mi: bí ènìyàn bá fẹ́ ti Òṣogbo rin ìlú ọba tiwa, kó wo ilé àti iṣẹ́ ọwọ́, kì í ṣe ariya, ibo ni ẹ ó ní kó lọ? Ọjọ́ márùn-ún ni mo ní nínú ìsinmi ilé-ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóhùn pé “gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló dára”.

Awakọ̀ Òkè-Fìà

Tíṣà, ẹ káàbọ̀. Èmi ni mo gbé yín lọ Ìbàdàn lọ́dún tí táyà bẹ́. Kí a tó dáhùn, ẹ sọ ti ọ̀nà wọn fún wa ná. Mọ́tò ni wọ́n fi ń ti ìlú ọba kan dé òmíràn ni, àbí kí ni?

Tíṣà Ọnà

Ọkọ̀ ojú irin, ọ̀gá mi. Fez sí Meknes kò tó wákàtí kan. Rabat sí Fez súnmọ́ wákàtí mẹ́ta. Èyí tó ń sáré bí ẹni pé wọ́n ń lé e, Al Boraq lorúkọ rẹ̀, láti 2018 ló ti ń ná Tangier sí Casablanca, ó sì ń dúró ní Rabat. Àsìkò tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń gbéra. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́.

Àmọ́ nínú Fez àtijọ́, mọ́tò kì í wọlé rárá. Ọ̀nà ibẹ̀ fún, ibòmíràn kò gba ènìyàn méjì. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ló ń ru gbogbo ẹrù, láti orí awọ títí dé gáàsì ìdáná. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, ẹni tó ń dà á á ké “Balak!” Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi tí mo fi mọ̀ pé “Yàgò!” ni.

Mo sọnù níbẹ̀ o. Ọmọkùnrin kan ní òun á mú mi jáde. Ó mú mi yípo lẹ́ẹ̀mejì, ó padà já mi sí ẹnu ọ̀nà tó ti rí mi, ó wá na ọwọ́ pé kí n sanwó. Mo sanwó. Ọgbọ́n rẹ̀ wù mí.

Alfa Òkè Baálẹ̀

Àsàlàámù aléékùm. Tíṣà, ẹ dé Fez, ẹ kọ̀wé gígùn báyìí, ẹ ò dárúkọ Ṣéù Ahmad al-Tijani tó dá ẹgbẹ́ Tijániyà sílẹ̀? Fez ni wọ́n sin wọ́n sí ní 1815, nínú sáwíyà wọn, ìyẹn ilé àdúrà wọn. Àwa tí a ń ṣe wásífà, àdúrà ẹgbẹ́ náà, níhìn-ín, ibẹ̀ ni ọkàn wa wà. Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà àti Nàìjíríà ló ń kún ibẹ̀ fọ́fọ́. Bàbá wa kan ní àdúgbò tilẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá kí wọ́n tó lọ Mẹ́kà.

Ẹ ò sì sọ ti mọ́sálásí Qarawiyyin. Obìnrin ni ìtàn sọ pé ó kọ́ ọ, Fatima al-Fihri, ní 859. Ó fi owó ogún bàbá rẹ̀ kọ́ ọ. Wọ́n ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ lábẹ́ rẹ̀ títí dòní. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé obìnrin kò ní ipò lọ́dọ̀ wa, ẹ gbọ́ o.

Tíṣà Ọnà

Wà aléékùm sàlám, Alfa mi. Ẹ má bínú, onígbàgbọ́ ni mí, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kì í wọ mọ́sálásí ní ọ̀pọ̀ ibi ní Mòrókò. Ẹnu ọ̀nà Qarawiyyin ni mo dúró sí tí mo ń na ọrùn bí adìyẹ. Àgbàlá funfun ni mo rí, omi ń sun láàárín rẹ̀. Ó tó mi. Ti sáwíyà, mo rí àwọn èrò dúdú bíi tèmi tí wọ́n ń wọlé, ọ̀kan nínú wọn kí mi ní Hausa.

Àmọ́ ilé kéwú tí wọ́n ń pè ní Bou Inania, wọ́n jẹ́ kí n wọ ibẹ̀. Ọba Abu Inan ló kọ́ ọ ní àwọn ọdún 1350. Láti ilẹ̀ dé ìwọ̀n igbáàyà ènìyàn, táìsì wẹ́wẹ́ ni, tí wọ́n fi òòlù gé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n tò bí ẹni ń to ìlẹ̀kẹ̀. Òkè rẹ̀, amọ̀ funfun tí wọ́n fín lọ́nà. Òkè ìyẹn, igi kédárì tí wọ́n gbẹ́. Ojú rẹ á kọ́kọ́ rí àwọ̀, á wá rí àrà, á wá rí òjìji. Mo lo wákàtí méjì níbẹ̀. Àbúrò mi lọ jẹun, ó padà, mo ṣì wà níbẹ̀.

Sọ̀rọ̀-Sókè

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ o. Ẹ̀yin olówó tí ẹ ń lọ sókè òkun, bí ẹ bá dé ni ẹ máa ń rántí amọ̀. Ta ló fẹ́ gbé inú ilé amọ̀ lónìí? Òjò Marrakech kì í ṣe òjò Òṣogbo. Ibi tí aṣálẹ̀ ti súnmọ́, kí ni yóò wó ògiri? Ìmìtìtì ilẹ̀ wá dé níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2023, a rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, ṣé odi amọ̀ yín kò wó lápá kan ni? Mo ní kí wọ́n wó gbogbo ilé amọ̀ tó kù ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kí a rí ọ̀nà gbà.

Bíríkìlà

@Sọ̀rọ̀-Sókè, ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń jẹ nídìí ògiri sọ̀rọ̀.

Bàbá mi mọ ilé amọ̀ kí sìmẹ́ńtì tó di ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń mọlé, wọn kì í mọ ọ́n lójò. Wọ́n á wa ilẹ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó fi gún régé. Wọ́n á wá máa bù ú ní ìṣù, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á dúró kí ó gbẹ kí wọ́n tó lé èkejì. Ìdí ògiri máa ń nípọn ju orí rẹ̀ lọ. Ewé tàbí koríko ni òrùlé, yóò sì yọ jáde bí apá ẹyẹ, kí omi òjò má baà ta sí ìdí ògiri.

Ẹ wò ó bí a ṣe pa á. Páànù dé. Páànù wọ́n, torí náà a gé òrùlé kúrú, kò yọ síta mọ́. Omi wá ń ta sí ìdí ògiri. Ìdí ògiri ń jẹ. A ní “amọ̀ kò dára”, a wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi tó gbà láti ilẹ̀ kò rí ibi jáde, ó ń rà á láti inú. Ní ọdún mẹ́ta sìmẹ́ńtì á ṣí bí èèpo iṣu, á sì ya amọ̀ mọ́ra. Ẹ ní amọ̀ ló jẹ̀bi.

Òjò kì í wó ilé amọ̀ tí òrùlé rẹ̀ gbòòrò. Ẹ lọ wo ilé àwọn àgbà tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn.

Ti ìmìtìtì ilẹ̀, mo gbà fún yín. Àmọ́ ìyẹn ń wó búlọ́ọ̀kù náà.

Sọ̀rọ̀-Sókè

Mo gbọ́. Síbẹ̀ n kò ní gbé inú rẹ̀.

Bíríkìlà

Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ gbé inú rẹ̀. Ẹ má ṣáà wó o.

Ìyá Aláró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí. Tíṣà, mo gbọ́ pé wọ́n ń ṣe awọ ní Fez. Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fi ń rì í sínú ìgbẹ́ ẹyẹlé?

Tíṣà Ọnà

Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá mi. Òótọ́ ni. Chouara ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ihò olómi bí ọpọ́n ayò, ọ̀pọ̀lọpọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀, àwọn ọkùnrin dúró nínú rẹ̀ dé itan. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ awọ sínú omi ẹfun àti ìgbẹ́ ẹyẹlé kí irun lè kúrò kí awọ sì rọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn tó ń ta awọ lèèyàn ti ń wò ó. Kí o tó gòkè, wọ́n á já ewé olóòórùn dídùn fún ọ pé kí o máa fi sí imú.

Ìyá Aláró

Aró tèmi náà ń rùn, n kò fún oníbàárà kankan ní ewé rí. 😂 Ẹni tí kò fẹ́ òórùn kó lọ ra àdìrẹ ẹ̀rọ.

Àmọ́ ẹ̀yin ọmọ, ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ odi, èmi ń sọ̀rọ̀ ìkòkò. Ìlú aró ni wọ́n ń kì Òṣogbo. Ẹ jáde sí àdúgbò yín, kí ẹ ka ìkòkò aró tí iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ tàbí tí eérú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi mọ iye tó kù ní tiwa, n kò ní sọ ọ́, kí n má baà sunkún. Awọ Fez ń rùn, wọ́n sì fi rùn wọlé owó. Àwa sọ pé èlú ń ba aṣọ jẹ́, a rán ọmọ lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ẹnikẹ́ni bá ń mú àlejò rin ìlú ọba, kó mú wọn dé ìdí ìkòkò o, kì í ṣe ààfin nìkan. Ọba kì í wọ aṣọ ara rẹ̀ tí aláṣọ kò bá sí.

Tíṣà Ọnà

Ìyá mi, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ọjọ́ kìíní mi, Òṣogbo ni. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ṣadé tí ń gbé London

Ẹ kú àná o. Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí, oṣù December ni mo ń kó àwọn ọmọ mi méjì wálé, ọmọ ọdún mọ́kànlá àti mẹ́jọ. Wọ́n ti rí ààfin Buckingham láti ẹ̀yìn irin. Mo fẹ́ kí wọ́n rí tiwa. Ṣé wọ́n á jẹ́ ká wọlé? Ní Mòrókò ńkọ́, ṣé ẹ wọ ààfin ọba?

Tíṣà Ọnà

Iwájú ìlẹ̀kùn nìkan ni mo rí, àǹtí. Ọba wọn ṣì ní ààfin ní ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo rẹ̀ ló tì. Ní Fez, ìlẹ̀kùn idẹ méje ló wà níwájú ààfin, wọ́n dán bí góòlù, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ti ń ya fọ́tò. Ọlọ́pàá dúró. O ya fọ́tò, o lọ.

Ààfin tó ṣí sílẹ̀ ni ti àwọn ọba tó ti lọ. El Badi ní Marrakech ló dùn mí jù. Ọba Ahmad al-Mansur bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1578, lẹ́yìn tí wọ́n ṣẹ́gun àwọn ará Portugal. Owó ìràpadà àwọn ẹrú ogun wà nínú rẹ̀. Ọba yìí kan náà ló rán ọmọ ogun la aṣálẹ̀ kọjá lọ fọ́ ìjọba Songhai ní 1591. Nígbà tó yá, Mawlay Ismail, tó jọba láti 1672 sí 1727, ń kọ́ Meknes. Ó ní kí wọ́n tú El Badi, kí wọ́n kó mábù àti gbogbo ohun tó bá níyì nínú rẹ̀. Ògiri amọ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀. Lónìí, ẹyẹ àkọ̀ ló ń gbé orí rẹ̀, wọ́n ń fi ẹnu lù bí ẹni ń lu gbẹ̀du.

Torí náà, ẹ̀yin tó ń sọ pé Yorùbá nìkan ló ń ba ohun ìní ara rẹ̀ jẹ́, ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún rí.

Arúgbó Ìgbọnà

Ṣadé ọmọ mi, ààfin tiwa kì í ṣe ilé tí à ń wò láti ẹ̀yìn irin. Ààfin Àtáọ́ja wà létí Ọjà Ọba. Ẹ wá. Ṣùgbọ́n ẹ má dédé já wọ inú rẹ̀ bí ẹni wọ ilé ìtajà.

Ẹ ní kí ẹnìkan tó mọ ààfin síwájú yín, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ rí akọ̀wé ààfin. Ọkùnrin á ṣí fìlà, á bọ́ bàtà, á dọ̀bálẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀. “Kábíyèsí” ni ẹ ó sọ. Ẹ má na ọwọ́ sí ọba pé ẹ fẹ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ má fi ọwọ́ òfo lọ. Kò pọn dandan kó pọ̀. Bí ọba kò bá jókòó, ẹ kí àwọn ìjòyè tí ẹ bá bá, ẹ wo àgbàlá, ẹ padà.

Ẹ sọ ìtàn fún àwọn ọmọ náà kí wọ́n tó débẹ̀. Nígbà tí Láròóyè, ọba wa àkọ́kọ́, rúbọ lódò, ẹja ńlá kan wá, ó da omi sí i lọ́wọ́, ó tẹ́wọ́ gbà á. Ibẹ̀ ni Àtẹ́wọ́gbẹja ti di Àtáọ́ja. Ọmọ ọdún mẹ́jọ á rántí ẹja ju ọjọ́ orí ọba lọ.

Kí ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀ ni ààfin àkọ́kọ́. Inú Igbó Ọ̀ṣun ni. UNESCO gbà á wọlé ní 2005, ìwé wọn sì sọ pé ààfin méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ojúbọ bíi 40. Àwọn èrò máa ń sáré lọ sídìí odò àti àwọn ère Àdùnní, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ ààfin kọjá láì mọ̀.

Bíríkìlà

Bàbá, ẹ ṣé tí ẹ dárúkọ rẹ̀. Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ọmọ Austria ni, 1950 ló dé Nàìjíríà, ibí ló fi ṣe ilé, 2009 ló kú síhìn-ín. Ṣùgbọ́n ọwọ́ bíríkìlà ni iṣẹ́ náà! Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni kí ó tó di gbajúmọ̀. Irin, amọ̀ àti sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe é, láì sí ìwé àwòrán ilé. Bí mo bá mú ọmọ iṣẹ́ mi débẹ̀, mo máa ń ní kí wọ́n wo ọ̀nà tí ògiri gbà tẹ̀, kí wọ́n tó wo ère. Àti ilé tí Àdùnní gbé lójú ọ̀nà Ìbòkun, ilé Àgùdà ni, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Odò náà ti pọ́n báyìí o, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò. Àǹtí Ṣadé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ mu ún.

Ọmọ Ifẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sí orísun. Tíṣà tó fẹ́ràn táìsì wẹ́wẹ́, ṣé ẹ ti fi ojú tó mú wo ilẹ̀ alápáàdì ní Ilé-Ifẹ̀ rí? Láàárín ọdún 1000 sí 1400 ni wọ́n ti ń to àfọ́kù ìkòkò sílẹ̀, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀ o, ní ìdúró, etí rẹ̀ ló kọjú sókè. Wọ́n tò ó bí egungun ẹja, wọ́n á fi òkúta funfun sí i láàárín. Omi òjò ń gbà á kọjá, ẹsẹ̀ kì í rì. Ìtàn ní Lúwòó, obìnrin tó jọba ní Ifẹ̀, ni kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Fez fi táìsì sí ògiri, àwa fi sí abẹ́ ẹsẹ̀.

Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Ọọ̀ni. Àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé mọ̀, ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ni wọ́n ti rí wọn ní 1938, nígbà tí wọ́n ń wa ìpìlẹ̀ ilé. Ìpìlẹ̀ ilé lásán! Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ wo Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn, ó lé díẹ̀ ní mítà márùn-ún, ìṣó irin wà lára rẹ̀. Ọjọ́ kan gbáko ni Ifẹ̀, ẹ má fi mọ́ ìlú mìíràn.

Ọmọ Aláàfin

Mo ti ń wò yín láti òwúrọ̀. Ìlú ọba lẹ ń sọ, ẹ ò tíì dárúkọ Ọ̀yọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ṣé orí yín pé?

Awakọ̀ Òkè-Fìà

Ọmọ ọba, ẹ má bínú. Apá ibòmíràn ni Ọ̀yọ́ wà sí wa. Bí a bá fi kún ọjọ́ márùn-ún Tíṣà, inú mọ́tò ni yóò ti lo méjì.

Ọmọ Aláàfin

Kí ó wá ní ìrìn-àjò mìíràn nígbà náà, kí ó sì wá ní ọ̀tọ̀. Nítorí ẹ̀yin tó ń sọ̀rọ̀ òrùlé, Ọ̀yọ́ ló ni ọdún Bẹẹrẹ. Bẹẹrẹ ni koríko tí wọ́n fi ń bo ààfin láyé àtijọ́. Ọdọọdún ni àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ máa ń ru ú wá fún Aláàfin. Ẹni tó bá ru bẹẹrẹ wá ti jẹ́wọ́ pé ọba òun ni. Ìsìn ìlú wà lórí òrùlé! Ta ló tún ń bi yín pé kí ló dé tí òrùlé náà fi gbòòrò?

Kí wọ́n sì fi kọ̀bì hàn yín. Iyàrá tó yọ síwájú, tí òpó igi gbígbẹ́ dì mú, ibi tí ọba ń jókòó sí. Iye kọ̀bì ni wọ́n fi ń mọ ọlá ààfin.

Bíríkìlà

Ọmọ ọba, ẹ ti dá mi lọ́lá lónìí. N kò rò ó dé bẹẹrẹ rí. Ó yé mi báyìí: bí ìsìn bá ti dópin, kò sẹ́ni tó ń pààrọ̀ òrùlé. Páànù kì í bẹ ìlú kankan lọ́wẹ̀.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún ti El Badi. Ní ìlú wa, Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ló gbẹ́ ìlẹ̀kùn ààfin Ògògà, ọba wa, kí ọdún 1914 tó pé. Ó gbẹ́ Ògògà tó jókòó pẹ̀lú adé, ó gbẹ́ òyìnbó tí wọ́n gbé sórí àga wá kí i. Ẹ wò ó dáadáa: ọba jókòó, òyìnbó ló ń bọ̀. Wọ́n gbé ìlẹ̀kùn náà lọ síbi àfihàn ní Wembley ní 1924. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, British Museum, ní àwọn fẹ́ ẹ. Ògògà gba ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Àǹtí Ṣadé, ní London tí ẹ wà yìí ni ìlẹ̀kùn wa wà. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ wò ó kí ẹ tó wá.

Ṣadé tí ń gbé London

Háà! Mo ti gba ẹ̀gbẹ́ ilé yẹn kọjá bí ìgbà ogún. Sátidé yìí ni.

Ọmọ Ọ̀wọ̀

Bí àgbàlá lẹ bá ń wá, ààfin Ọlọ́wọ̀ ni. Ùghà ni a ń pe àgbàlá kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà máa ń kà á kọjá ọgọ́rùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú òrìṣà tàbí ìpàdé tirẹ̀. Òrùlé yí i ká, àárín ṣí sílẹ̀, òjò ń bọ́ sínú rẹ̀. Tíṣà, ilé Mòrókò náà ni ẹ ń sọ yẹn. Yàtọ̀ pé wọ́n fi igi ọsàn sí àárín tiwọn.

Ẹ tún yà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa. Ekpo Eyo, onímọ̀ ohun àtijọ́, hú àwọn orí amọ̀ jáde ní Igbó Láàjà ní ọdún 1971. Bí ẹ bá wò wọ́n, ẹ ó rí Ifẹ̀ lójú ọ̀tún, ẹ ó rí Bìní lójú òsì.

Awakọ̀ Òkè-Fìà

Ó dára. Tíṣà, bí èmi bá ni mo di ìdarí mú, bí mo ṣe rí i nìyí. Ọjọ́ kìíní, Òṣogbo, ìdí ìkòkò Ìyá àti Igbó. Ọjọ́ kejì, Ifẹ̀, a padà sùn sílé. Ọjọ́ kẹta, a gba Iléṣà, a kí wọn ní ààfin Ọwá, a kọjá sí Àkúrẹ́, ibẹ̀ la ó ti máa sùn. Ààfin àtijọ́ Déjì wà níbẹ̀, ẹ lè wò ó lálẹ́. Láti Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Ọjọ́ karùn-ún, ìdààmú: Ìkẹ́rẹ́ wà lápá kan, Ìdànrè lápá kejì. Ẹ mú ọ̀kan. Orí òkè Ìdànrè ni ààfin àtijọ́ wà, àwọn ará ìlú ti sọ̀kalẹ̀ láti 1923. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Mo ti gbé ọ̀gá kan débẹ̀ rí tó jókòó sí ibi ìsinmi kejì tó ní òun ti rí i.

A kì í rin òru o. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, mo ti páàkì.

Alfa Òkè Baálẹ̀

Ọjọ́ kẹta yẹn, kó má bọ́ sí Jímọ̀ o. Bí ó bá bọ́ sí i, ẹ dúró kírun ní Iléṣà.

Tíṣà Ọnà

Alfa, Jímọ̀ á bọ́ sí ọjọ́ karùn-ún, tí mo bá gbéra ní Mọ́ńdè. Awakọ̀, mo mú Ìkẹ́rẹ́. Orúnkún mi kì í ṣe ti ọmọdé mọ́. Òkè yẹn rán mi létí ilé gogoro mọ́sálásí Hassan tí mo rí ní Rabat. Ọba Yaqub al-Mansur bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó kú ní 1199, wọ́n pa á tì ní nǹkan bí mítà 44. Òpó dúró láìní òrùlé títí dòní. Ní Òṣogbo, a ó ní “ọmọ onílé ló ń jà sí i”.

Ọ̀yọ́ á wáyé lọ́dún tó ń bọ̀, Ọmọ Aláàfin, mo ṣèlérí. Ẹ wá bẹẹrẹ kan sílẹ̀ dè mí.

Bíríkìlà

Tíṣà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí ẹ bá dé Ọ̀wọ̀, gbogbo ènìyàn á máa ya fọ́tò òpó àti òrùlé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ ya ìdí ògiri fún mi. Ibi tí amọ̀ ti pàdé ilẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì kàn án.

Tíṣà Ọnà

Ìdí ògiri. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Awakọ̀ Òkè-Fìà

Mọ́ńdè, Ìyá Aláró ni, ẹsẹ̀ yín ni ẹ ó fi rìn débẹ̀. Túsìdeè ni tèmi. Aago mẹ́fà ààbọ̀, Ọlaìyá. Ẹ mú táyà tuntun wá o, àwàdà ni.